Àwẹ̀ró àti Ẹ̀ṣọ́ Oríta

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ẹ dá mi lóhùn bí ọmọ tó yó. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó lọ fìdí kalẹ̀ sí oríta kan tí wọ́n ti ń tajà láìsí ọlọ́jà níbẹ̀. Ní ìgbà kan rí, tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ẹní ló ń hun, ọmọ kan ṣoṣo, Àjàmú, ló sì bí.

Láràárọ̀, Àwẹ̀ró á gbé ẹní sí oríta, á kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Iye òkúta ni iye owó ẹyọ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹní á kó owó síbẹ̀, á gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àgbọ̀nrín ń gbé iṣu wá láti oko rẹ̀ tó jìnnà, tí Ọ̀yà ń gbé àgbàdo. Owó ẹní ni Àwẹ̀ró fi ń ra iṣu ọmọ rẹ̀.

"Ìyá Àgbà, ta ló ń ṣọ́ ọjà náà?"

Ìtìjú ni. Ẹni tó bá jalè níbẹ̀, ta ni yóò tún bá a rajà?

Lọ́jọ́ kan, ẹní Àwẹ̀ró kan sọnù. Ẹyọ kan péré o, láti ìgbà tó ti ń tà! Inú bí i, ó figbe bọnu, ó di ààfin Erin, ọba ìlú. Àwọn ará oríta ní kó fara balẹ̀, pé àwọn á wá olè náà rí. Kò gbọ́. Ó ní àfi kí ọba fi ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. Ọba wo ni yóò kọ irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀? Erin fi Ìkookò síbẹ̀.

"Haà, Ìkookò kẹ̀?"

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán. Ìkookò ò jalè. Ó kàn ní ẹ̀ṣọ́ gbọ́dọ̀ jẹun ni, ó sì mú iṣu kan nínú ẹrù Àgbọ̀nrín. Nígbà tó yá, ó di méjì, torí pé ó ti ní igbákejì. Àgbọ̀nrín bá fi òkúta kún òkúta, kó má baà gbófo. Ni ìlú bá ń pariwo pé iṣu ti wọ́n. A ní ká jẹ èkuru kó tán, wọ́n tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo: wọ́n tún gba ààfin lọ. Ọba pàṣẹ pé òkúta iṣu ò gbọdọ̀ ju mẹ́ta lọ. Inú ìlú dùn. Àwẹ̀ró jó.

Àgbọ̀nrín wo òkúta mẹ́ta, ó wo Ìkookò, ó ro bí ọ̀nà oko ṣe jìn tó. Ó ru iṣu rẹ̀ padà sílé, kò wá mọ́. Ọ̀yà rí i pé ó máa tó kan àgbàdo, òun náà ò wá mọ́.

Oríta ṣófo. Owó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n owó ò ṣeé sè. Ewé ló ń sè fún ọmọ, títí egungun ọmọ fi yọ síta. Ó sáré padà sí ààfin, ó ń sunkún, ó ń kọrin. Ẹ gbè é:

"Ọba Erin, wá kó ẹ̀ṣọ́ rẹ o!"

"Jalo, jalo!"

"Ọmọ mi ò jẹ, ọmọ mi ò mu!"

"Jalo, jalo!"

Erin bi í pé, "Láti ìgbà tí Ìkookò ti dé oríta, ǹjẹ́ wọ́n tún jí nǹkan kan?"

Àwẹ̀ró ní, "Kábíyèsí, kí ló kù níbẹ̀ tí wọn ó jí?"

Ọba ní kó máa lọ sílé.

Nígbà tó fi máa délé, Àjàmú ti kú. Ó fi ẹní wé e, ó gbé e lé èjìká. Ọ̀nà igbó tí wọ́n ń sìnkú sí gba oríta kọjá. Ìkookò rí i tó ń gbé ẹrù bọ̀, ó nawọ́.

"Ti ẹ̀ṣọ́ ńkọ́?"

Àwẹ̀ró gbé ẹní kalẹ̀, ó tú u.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó mú un?"

Kò mú un. Ìkookò pàápàá gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò kúrò ní oríta, torí ọba ò tíì ní kó kúrò.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò ní kí ọba má ṣọ́ ìlú o, olè wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pe ẹ̀ṣọ́, kó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ẹ̀ṣọ́ yóò máa jẹ. Ọba tí kò ru iṣu rí, kó má sì bá olóko ka òkúta.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Bó bá ṣe òótọ́ ni, kí ẹnu mi dún gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́.

"Gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́, gbọ̀ọ́!"