Táyà Tó Jẹ Lápá Kan

Ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà wa ni mo kọ́kọ́ gbọ́ pé igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Làmídì tó ń lẹ táyà ló pa á fún Fáníyì adẹ́mu, tó ń so gbogbo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sí apá òsì alùpùpù, kí ooru páìpù èéfín má baà ba ẹmu jẹ́.

“Táyà rẹ ti jẹ lápá kan, Fáníyì. Pààrọ̀ rẹ̀, kí o sì pín ẹrù.”

“O kàn fẹ́ tajà ni. Apá kejì ṣì léyín!”

Lọ́jọ́ ìdána Fáníyì, táyà bẹ́ lẹ́nu ọ̀nà àna, ẹmu ìdána dà nù. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ìyá ìyàwó rẹ́rìn-ín. “Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ ti mu tirẹ̀, àwa yóò mu omi.”

Wọ́n fún un níyàwó. Kẹ́ẹ̀gì ẹmu mẹ́ta, táyà kan àti agbádá kan ló ṣòfò.