Àwẹ̀ró Aláró Fi Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Rúbọ

Ẹsẹ̀-ò-gbélé, awo ìsàlẹ̀ odò;
Ahọ́n-yá-ju-ọgbọ́n-lọ, awo ìdí ìkòkò;
A-tilẹ̀kùn-a-ṣì-ń-gbóhùn-ara-wa, awo ẹ̀yìnkùlé:
Àwọn ni wọ́n da owó ẹyọ fún Àwẹ̀ró, aláró ìlú Ìgbó-Ẹlú, ní ọjọ́ tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ikùn ọmọ rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ kò sì ríbi jókòó.

Obìnrin yìí bí mẹ́rin, ó sin mẹ́ta, ó sì sin bàbá wọn tẹ̀ lé e. Ìgè nìkan ló ṣẹ́kù fún un, èyí tó mú ẹsẹ̀ wáyé. Ìgè lọ sílé ọkọ, ó lóyún àkọ́kọ́, ó sì padà wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti bí i, bí wọ́n ti ń ṣe ní Ìgbó-Ẹlú. Oyún náà wọ oṣù kẹjọ. Oṣù yẹn gan-an ni Ilẹ̀gbóná wọ Abà-Òkè, ìlú tó wà ní òdìkejì odò, tí wọ́n ń sin òkú láàárọ̀, tí wọ́n tún ń sin òkú nírọ̀lẹ́. Àìsàn yìí kì í ṣe èyí tí à ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an nínú oòrùn. A máa yọ lára ènìyàn bí ọmọ àgbàdo, a máa bọ́ awọ, a máa fọ́ ojú. Ẹni tí kò bá sì pa, á fi àpá sí i lára kí ó má baà gbàgbé.

Àwọn mẹ́ta ló wà nínú ilé náà: Àwẹ̀ró, Ìgè, àti ìyá ọkọ Àwẹ̀ró tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Àgbà. Arúgbó yìí ló gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di.

Oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun Àwẹ̀ró mọ́. Bí ó bá jókòó ti ìkòkò aró, á dìde. Bí ó bá dìde tán, á gbàgbé ohun tó fẹ́ mú. Ó ń fọwọ́ kan iwájú orí Ìgè lẹ́ẹ̀mẹwàá lójúmọ́, bóyá ó gbóná, bóyá kò gbóná, títí ọmọ fi sọ pé, "Ìyá mi, ẹ ó fọwọ́ bó mi láwọ." Ni Àwẹ̀ró bá wé gèlè, ó di ọ̀dọ̀ Ẹfúndoyin.

Ẹfúndoyin kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀rín tan oníbàárà. Òun ló ń tọ́jú ojúbọ Olóde, òrìṣà tó ni Ilẹ̀gbóná, ní ìlú náà. Ilẹ̀gbóná ti bá a jà nígbà tó wà ní wúńdíá, ojú rẹ̀ kún fún ihò bí ìdí ajere. Ó da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún sórí àtẹ. Méje ṣíjú, mẹ́sàn-án dojú dé. Odù Òdí ni.

"Ire ọmọ ni mo rí," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ikú ń bọ̀ lẹ́yìn odò, kò sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn ni yóò yá lò. Rúbọ."

"Kí ni kí n fi rú u?"

"Ìgbín mẹ́rin. Ẹ̀kọ tútù mẹ́rìndínlógún. Omi tí a pọn ní òwúrọ̀. Àti ẹsẹ̀ rẹ."

"Ẹsẹ̀ mi kẹ̀, ìyá?"

"Ẹsẹ̀ rẹ, ọwọ́ rẹ, ahọ́n rẹ. Fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún, o kò gbọdọ̀ jáde kúrò nínú ọgbà rẹ. Àlejò kò gbọdọ̀ wọlé tọ̀ yín. Aṣọ ìta kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ìkòkò rẹ. Igbá tí ẹlòmíràn fẹnu kàn, má fẹnu kàn án. Aró tí kì í ṣe tìrẹ, má tọ́ ọ wò."

Àwẹ̀ró pàtẹ́wọ́. "Ìyá, ọjà ni mo fi ń jẹun. Ẹ ní ewúrẹ́, màá fa ewúrẹ́ wá. Ẹ ní àgbò, kò ju kí n sáré. Ta ló ń fi ìjókòó rúbọ?"

"Ohun tó bá rọrùn fún ọ kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ṣé o rí ìgbín? Inú ilé rẹ̀ ló ń gbé."

"A sì ń sè é jẹ."

"Èyí tó yọrí síta là ń sè jẹ," ni Ẹfúndoyin wí, ó sì kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ.

Ọ̀rọ̀ yìí náà ni Ẹfúndoyin gbé lọ sí ààfin. Ọba ní kí wọ́n lu agogo yí ìlú ká: kò sọ́jà, kò sílù, kò sí àpéjọ ìsìnkú, kí olúkúlùkù gbélé fún ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹnu ìlú kò kò. Àwọn kan ní ebi ni ọba fẹ́ fi pa àwọn. Àwọn kan ní Abà-Òkè ló ṣẹ Olóde, kí ló wá kan ará Ìgbó-Ẹlú? Ọ̀mùtí kan tilẹ̀ ń búra pé Ilẹ̀gbóná kì í mọ ojú ẹni tó bá ti yó, ó sì ń gbìyànjú kí ó má baà mọ tòun. Àwọn tó ní àwọn gbọ́ràn pàápàá, ẹnu ọ̀nà iwájú ni wọ́n tì, wọ́n ṣí ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ gbayawu. Ọjà tí kò ná níwájú ààfin ń ná nínú oko ẹ̀gẹ́. Ẹni tó ń pariwo jù pé kí ará ilé kejì gbélé, ìdí ọpọ́n ayò ni ẹ ó ti bá a.

Èyí tí ẹnu rẹ̀ mú jù ni Jọláadé, olórí ẹgbẹ́ aláró. Ó dúró nídìí ìkòkò, ó fọwọ́ méjèèjì gbá ìbàdí mú.

"Aró kì í dúró de agogo ọba," ni ó wí. "Ẹ tilẹ̀ bá mi bi Ẹfúndoyin: gbogbo ẹ̀kọ tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa yìí, ṣé Olóde nìkan ló ń dá a jẹ? Ikùn ẹ̀ ń yọ!"

Àwọn aláró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó rú ìgbín, ó rú ẹ̀kọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àmọ́ kí ènìyàn tilẹ̀kùn kò ní kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó ti ń fẹsẹ̀ wá oúnjẹ láti ìgbà èwe, ìjókòó a máa ta á bí ewé èsìsì. Ó gbá ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀. Ó tú ẹrù aṣọ, ó dì í, ó tún un tú. Ibi tí àwọn aláró ti ń sẹ́ omi eérú wà níta, kò sì lè lọ ibẹ̀. Nítorí àìsí omi eérú tí a fi ń mú aró wà láàyè, ìkòkò aró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tí kò kú rí láti ìgbà ìyá rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í pa òórùn dà. Ní ọjọ́ kẹfà, ìfófòó ojú rẹ̀ wálẹ̀. Aró kú. Àwẹ̀ró dúró tì í bí ẹni tó dúró ti òkú.

"Jókòó, ìwọ obìnrin yìí!" ni Ìyá Àgbà ké láti orí ẹní. "O ń yí kiri bí ẹni tí ìjàlọ wọ̀ láṣọ!"

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn tí oòrùn kọjá àtàrí, ohùn Jọláadé dún lẹ́yìn ògiri ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyá Ìgè! Ìyá Ìgè ò! Àbí wọ́n ti fi ìwọ náà rúbọ pẹ̀lú ìgbín?"

"Mo wà ńbí. Dúró síbẹ̀ yẹn, ká jọ sọ̀rọ̀."

"Ṣé mo ń rùn ni?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ojú ẹ sọ ọ́." Jọláadé fi àgbọ̀n lé orí ògiri, ó rọ ohùn. "Má bínú, ọ̀rẹ́ mi. Ìtìjú ló gbé mi wá. Iṣẹ́ ńlá kan dé, aró ò mú aṣọ. Àwa mẹ́wàá la tọ́ ọ wò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Wọ́n ní bí kò bá ti sí ahọ́n Àwẹ̀ró, ká kúkú lọ máa ro oko."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn dé ìdí ọkàn. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án wá, kò sẹ́ni tó rántí pé ó wúlò. Jọláadé sì ti gbé igbá aró kan lé orí ògiri. Àwẹ̀ró súnmọ́ ọn. Kí ó kàn gbóòórùn rẹ̀ lókèèrè, èyíinì kì í ṣe èèwọ̀. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún ló ti ń tọ́ aró wò. Bí aró bá ti súnmọ́ aláró, ìka kì í gbàṣẹ. Nígbà tí ọgbọ́n fi máa ní kí ó dúró, ìka ti bọ inú igbá, ahọ́n ti gbà á.

"Eérú ló kù ú," ni ẹnu rẹ̀ sọ.

Lẹ́yìn náà ni ó rántí èèwọ̀.

"Jọláadé, aṣọ ta ni ẹ ń rẹ?"

"Aṣọ ọ̀fọ̀ ni. Baálẹ̀ Abà-Òkè ló kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kó aṣọ rẹ̀ wá kí a rẹ ẹ́ ní dúdú fún wọn. Ìwọ náà mọ̀ pé aláró kì í kọ aṣọ ọ̀fọ̀." Ó gbé igbá rẹ̀. "O ṣeun, ọ̀rẹ́. Eérú! Mo sì sọ bẹ́ẹ̀."

Àwẹ̀ró tutọ́ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó fọmi yọ ẹnu, ó fi eérú fọ ọwọ́. Ilẹ̀kùn ilé ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi, ta nìyẹn?" Ìgè ń bi í láti inú.

Kò sẹ́ni tó rí i. Ìyá Àgbà kò gbọ́. Bí ó bá wọlé tí ó pa ẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Àwẹ̀ró sì mọ bí a ti ń bo àbùkù ọjà. Ó ti ká aṣọ tó níhò rí, tí ó fi ojú tó dára síta, tí oníbàárà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe aṣọ. Bí èyí bá jáde nínú ìdì, ara Ìgè ni yóò ti jáde.

"Má jáde wá," ni ó wí. "Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Ó dúró sí àgbàlá títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Ẹfúndoyin máa ń gba ẹ̀yìn ògiri kọjá láti lọ wọ́n omi tútù sí oríta. Ó pè é, ó jẹ́wọ́, kò fi ọ̀kankan pamọ́.

"Mo ti ba ẹbọ jẹ́, ìyá."

Ẹfúndoyin kò bú u. "Kò bàjẹ́. Ó wọ́n sí i ni. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún tìrẹ bẹ̀rẹ̀ láti òní. Má wọ inú ilé yẹn mọ́. Abẹ́ ahéré aró inú àgbàlá ni kí o máa gbé. Kí wọ́n máa gbé oúnjẹ rẹ sílẹ̀ lókèèrè."

"Bí Ìgè bá rọbí ńkọ́?"

"Yóò bí."

"Láìsí èmi?"

"Ìwọ wà níta. Ìgbín lásán la ti ń rú láti ìjọ́ yìí, Àwẹ̀ró. Èyí ni ẹbọ."

Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán gangan, Ìgè ké. Àwẹ̀ró fò sókè lábẹ́ ahéré.

"Ìyá Àgbà! Ẹ mú un dìde! Ẹ jẹ́ kó di òpó mú!"

Ìgè tún ké.

"Ìyá Àgbà ò! Ẹ fi epo ra á níkùn! Ṣé ẹ ti gbómi kaná?"

Arúgbó náà gbọ́ èyíinì, nítorí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Ó yọrí lójú fèrèsé. "Ìwọ obìnrin yìí! Ta ló gbẹ̀bí Ìgè? Ta ló bí ọkọ rẹ? Pa ẹnu ẹ dé, jẹ́ n ríbi ṣiṣẹ́!"

Oòrùn rọ̀, ọmọ kò dé. Igbe Ìgè ń rẹ̀wẹ̀sì, èyí sì burú ju igbe ńlá lọ. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró gbéra fúnra rẹ̀. Ó ti dé ìdajì àgbàlá kí ó tó mọ̀ pé òun ń rìn. Ó sáré padà, ó tú ìró rẹ̀, ó fi so ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́ òpó ahéré, ó sì ta á ní kókó tí a fi ń di ẹrù ọ̀nà jíjìn. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú tòbí nìkan nídìí, ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀. Kò dá orúkọ náà dúró. Bí ó bá pe Ìgè, Ìgè á dáhùn. Nígbà tó yá, Ìgè kò dáhùn mọ́, Àwẹ̀ró sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín tú kókó náà.

Nígbà náà ni ọmọ tuntun ké.

Àwẹ̀ró yọ eyín kúrò lára kókó. Ohùn Ìgè jáde tẹ̀ lé e, kò ju bíńtín lọ: "Obìnrin ni, ìyá mi. Ó ń bínú bí tiyín."

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ibà mú Àwẹ̀ró lábẹ́ ahéré, Ilẹ̀gbóná sì yọ sí i lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹfúndoyin, tí àìsàn náà kì í bá jà lẹ́ẹ̀mejì, ló ń fún un lómi, ló ń fi òrí pa á lára. Kò kú. Ìgè kò ní in. Ọmọ kò ní in. Ìyá Àgbà kò ní in, ó sì ń jẹun bí ọmọdé.

Nínú àwọn mẹ́wàá tó jọ tọ́ aró aṣọ ọ̀fọ̀, mẹ́fà lọ. Olúkúlùkù wọn ló kó o wọ ilé kí ó tó kú. Jọláadé kò kú. Ọmọ rẹ̀ mẹ́ta kú, òkú Olóde sì ni wọ́n, a kò gbọdọ̀ sunkún wọn. Àwọn abọrẹ̀ ló gbé wọn lọ sínú igbó, wọ́n kó ẹrù wọn pẹ̀lú. Àìsàn náà sì pa ojú Jọláadé méjèèjì. Ẹni tó bá kọjá níwájú ilé rẹ̀, ìdí ògiri ni yóò ti bá a. A máa sọ fún ẹni tó bá dúró pé, "Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ní kí n fi jókòó. Mo kọ̀ ọ́. Ẹ wá wo ibi tí mo jókòó sí."

Nígbà tí ìpẹ́ ara Àwẹ̀ró bọ́ tán, ó tún ka ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lé e, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí ó kà á. Ó jó aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ níná, ó wẹ̀, ó sì kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ bí àlejò. Ìgè gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wúwo ju bí ó ti rò lọ. Àwẹ̀ró jókòó, kò sì wá nǹkan kan tí yóò dìde fún.

Ẹni tó gbọ́ rírú ẹbọ, tó rú u, tó ṣìṣe níbẹ̀, tó sì tún èyí tó wọ́n jù rú, òun ló jókòó ti ọmọ ọmọ. Ẹni tó fi ẹ̀rín lé ẹbọ lọ kò rí ẹkún tó láti fi pè é padà.