Ààrò Kẹta Ẹgbẹ́ Agbedeméjì

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Bí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ tó rìn ín dé ọ̀dọ̀ yín má rí bàtà wọ̀ mọ́.

Ní ilẹ̀ Odòjé, ẹgbẹ́ òṣèlú ńlá méjì ló ń du ìjọba. Ẹgbẹ́ Olóko ní kí olówó máa jayé, kí tálákà wá tirẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní kí ìjọba gba oko àti ìsọ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹgbẹ́ kékeré kẹta, Agbedeméjì, ní kí oníṣòwò máa ṣòwò, kí ẹnikẹ́ni má pa ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kí ìjọba tọ́jú aláìní. Ẹni méje péré ni wọ́n nílé aṣòfin. Mojírọ́lá Ṣówándé, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ni olórí wọn. Aboyún mẹ́ta ló ti kú lójú rẹ̀ lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn, nítorí wọn ò rí owó káàdì san. Òfin kan ṣoṣo ló ń wá: kí aboyún máa bímọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún kan, Olóko ní ogójì aṣòfin, Òṣìṣẹ́ ní ogójì, kò sí èyí tó lè dá ṣèjọba. Mojírọ́lá ní ẹni tó bá gba òfin aboyún lòun yóò bá lọ.

“Ẹgbẹ́ àdán!” ni Olóyè Látúnjí, olórí Olóko, fi bú u. “Ẹ ò ṣeku, ẹ ò ṣẹyẹ.”

“Orí la dà kodò, Olóyè. Òun la fi ń rí ẹni tó wà nísàlẹ̀.”

Ó dun Látúnjí wọra. Ó lọ bá Kọ́mírédì Ayélàágbé, olórí Òṣìṣẹ́, pé kí ọ̀tá méjì kúkú jọ ṣèjọba, kí agbẹ̀bí máa wò wọ́n.

Àṣà wọn ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ jọ ṣèjọba yóò dáná ọbẹ̀ ní àgbàlá ilé aṣòfin. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbé ààrò kan wá, kì í ju ẹyọ kan lọ. Bí wọn ò bá jẹ ọbẹ̀ yẹn, kò sí ìjọba.

Òkúta méjì ló délẹ̀. Alásè wò ó, ó mirí.

“Ẹ̀yin bàbá, ìkòkò ò ní dúró o.”

“Gbé e kà á!” ni Ayélàágbé jágbe. “Àwa ọgọ́rin ò tó ìkòkò gbé ni?”

Ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Látúnjí ní iná pọ̀ jù lápá Òṣìṣẹ́, ó fẹsẹ̀ ti òkúta tirẹ̀ sẹ́yìn. Ìkòkò dojú dé. Ẹ̀gúsí bo bàtà Olóyè.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Mojírọ́lá. Ó gbé òkúta dé, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀,” ni Ayélàágbé bẹ̀ ẹ́.

“Òfin aboyún dà?”

Orí ìdúró ni wọ́n ti dìbò fọwọ́ sí òfin náà. Látúnjí fi ipò mínísítà lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Ó ti òkúta sí àyè rẹ̀, ó nà tàntàn, ó ní: “Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.” Wọ́n tún ọbẹ̀ sè, wọ́n jẹ ẹ́, ìjọba dúró, Mojírọ́lá sì relé.

Nígbà tí ìbò tún dé, ẹni méje Agbedeméjì di ẹni méjì. Mojírọ́lá kò sí nínú wọn. Àwọn aboyún ṣì ń wọ ilé ìwòsàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ibẹ̀ ni àwọn àgbà ti mú un tí wọ́n fi ń pa á lówe pé: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù.