Ogójì Ọmọ Nínú Yàrá Iṣu

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi fò pìrì, kò bà sórí igi, kò bà sórí àjà, orí bẹ́ǹṣì tí ọmọ mẹ́jọ há mọ́ ló bà sí."

Àwọn ọmọ agboolé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Lásún tún ìró ró.

"Ní ìgbà kan rí, Tíṣà Àgbébọ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Ọgọ́ta ni wọ́n nínú kíláàsì kan ṣoṣo: ọmọ èèyàn, ọmọ ewúrẹ́, ọmọ òkété. Bí ọ̀kan bá sín, gbogbo wọn a nu imú."

"Ọgọ́ta kẹ̀, Ìyá?" Àyọ̀ká pariwo.

"Ọgọ́ta géérégé. Ẹ̀yìn pátápátá ni Tíńtín ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń jókòó. Odindi ọdún kan, Tíṣà ò ráyè gbọ́ kó ka lẹ́tà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ Àgbébọ̀ lọ́kàn, kì í jẹ́ kó rí ẹyin yé.

"Ọba Erin gbọ́, ó fowó ránṣẹ́: 'Ẹ kọ́ yàrá méjì sí i, ẹ gba tíṣà méjì sí i. Ogún ọmọ péré ni mo fẹ́ nínú kíláàsì kan.'

"Òbúkọ onírùngbọ̀n, ọ̀gá ilé-ìwé, ló gbowó. Kí ló fi kọ́?"

"Kíláàsì!"

"Ẹ ò mọ ọ̀gá! Ọ́fíìsì oníyàrá méjì ló kọ́ fún ara rẹ̀: ọ̀kan fún iṣẹ́, èkejì fún oorun. Ó ra àga tó ń yí po, ó ra dígí tí yóò máa wò ya irùngbọ̀n.

"Lọ́jọ́ tí Ìyáàfin Àgbọ̀nrín, aṣojú ọba, ń bọ̀ wá wo ohun tí wọ́n fowó ṣe, Òbúkọ kó ogójì ọmọ sínú yàrá iṣu lẹ́yìn kíláàsì, ó tìlẹ̀kùn gbà. 'Tíṣà, orúkọ ogún ni kó o pè. Bó o bá pè jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ nìyẹn!'

"Àgbọ̀nrín dé. Òbúkọ nàka sí ọ́fíìsì, ó ní kíláàsì méjì tó kù nìyẹn. Àgbọ̀nrín kọjú sí Àgbébọ̀: 'Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà. Ẹ pe orúkọ wọn kí n gbọ́.'

"Àgbébọ̀ pe ogún. Ó kù díẹ̀ kó pa ìwé dé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí orúkọ kan. Ó na ọrùn, ó pè é: 'Tíńtín ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́!'"

"Yéè! Iṣẹ́ ti bọ́!"

"Ẹ dákẹ́ ná. Ṣé ẹ rí i, Òbúkọ fúnra rẹ̀ ló ṣòfin pé ẹni tí kò bá jẹ́ orúkọ láàárọ̀, kò ní jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án, kí èyí tó bá kù lè máa jẹ́ tirẹ̀. Ta ni yóò fi ẹ̀wà ṣeré? Ohùn kan dún tín-ín láti yàrá iṣu: 'Mo wà níbí, mà!'

"Àgbébọ̀ ń pe orúkọ àwọn yòókù lọ, ògiri ń dáhùn: 'Mo wà níbí, mà! Mo wà níbí, mà!'

"Àgbọ̀nrín ní, 'Ọ̀gá, ṣé iṣu yín ti ń jẹ́ orúkọ ni?'

"'Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Iṣu… iṣu tuntun ni.'

"Wọ́n ṣílẹ̀kùn, ogójì ọmọ tú jáde, eruku bò wọ́n lórí. Ọba sọ ọ́fíìsì di kíláàsì méjì. Wọ́n ta àga, wọ́n ta dígí, wọ́n fi kún owó tó kù, wọ́n gba Tíṣà Ẹyẹlé. Òbúkọ fúnra rẹ̀ di tíṣà ogún ọmọ, wọ́n sì ń fa irùngbọ̀n rẹ̀ títí dòní."

"Tíńtín ńkọ́?"

"Tíńtín bọ́ síwájú Àgbébọ̀, ó ka ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n kà tipẹ́, àyè ni kò rí. Lọ́jọ́ náà, Àgbébọ̀ yé ẹyin méjì!

"Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ nítorí ọmọdé, ọmọdé ni ká ná an lé lórí. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí tíṣà gbọ́ ohùn ọmọ, kó má kó ọmọ jọ bò ó mọ́lẹ̀.

"Àlọ́ mi ti ká sórí ẹní, ó fẹ́ sùn. Bí mo bá purọ́, kí n pe ọmọ kó má dáhùn. Àyọ̀ká!"

"Mo wà níbí, mà!"

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ó yá, kò sí ẹ̀wà lálẹ́ yìí o, ẹ lọ sùn."