Sípíà Tó Kù Sílé

Ìwọ tí o ń sáré kọjá lọ, dúró ná! Yá mi létí rẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdána ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Dékìnnì Àjíbóyè yọ sípíà, táyà ìpààrọ̀, kúrò nínú búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó fi iṣu ìdána dí àyè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Fọlárìn, ilé là á tí í kó ẹ̀ṣọ́ ròde o. Bí táyà bá bẹ́ ńkọ́?"

"Má fẹnu ẹ pe ibi!" Dékìnnì ta òróró àdúrà sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹni tó gbé sípíà ń retí jàǹbá ni. Ìgbàgbọ́ lèmi fi ń wakọ̀."

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí táyà ẹ̀yìn fi bẹ́, gbòà! Jáàkì wà, sípánà wà, sípíà wà nílé. Àwọn àna sì ń pè lórí fóònù pé bí iṣu ò bá dé, ìyàwó ò ní jáde.

Dékìnnì gbàdúrà títí, táyà ò wú. Ọkọ̀ tó ń kó ewúrẹ́ lọ sọ́jà ló ṣàánú wọn, ó gbé wọn tiṣutiṣu. Àárín ewúrẹ́ ni Dékìnnì jókòó sí, tòun ti agbádá funfun.

Bí wọ́n ṣe wọlé, bàbá ìyàwó fọwọ́ bo imú. "Àna wa, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ̀yin náà wà lára ẹran ìdána ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Fọlárìn ní, "Ẹ má dá ọkọ mi lóhùn, ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló kù sílé."

Ọlọ́run tó ń gbọ́ àdúrà náà ló fún wa lọ́gbọ́n. Ìwọ tí o ń sọ pé ó dọ̀la kí o tó ronú pìwà dà, ìrìn àjò tìrẹ náà ti bẹ̀rẹ̀, o ò sì gbé sípíà. Jọ̀ọ́, yí sítíárì padà lónìí, kí táyà tó bẹ́.