Ìpara Tí Ìjàpá Fi Pa Ẹ̀yìn Ara Rẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi sí i, ẹ̀yin ọmọ. Àlọ́ mi rọra ń bọ̀, ó gba ọ̀nà odò wá, ó wọ ọjà, ó sì jókòó síwájú àtẹ ìpara. Ó dá lórí ẹnì kan tó ń gbé ilé rẹ̀ kiri. Bí ẹ bá na ọwọ́ sí i, kí ẹ tó kí i tán, ó ti wọlé. Ta ni?

Ìjàpá!

Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Nígbà kan rí, ọrùn rẹ̀ gùn, ó jọ̀lọ̀, ó ń dán bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Òun náà sì mọ̀. Bí ó bá ń lọ lọ́nà, yóò na ọrùn náà síta, yóò máa yí i sọ́tùn-ún, yóò máa yí i sósì, kí gbogbo ará ìlú lè rí i. Ẹ gbọ́ ohun tó lé ọrùn náà wọlé.

Ní ọjà etídò, Àdàbà ló ń ta ìpara fún àwọn ẹranko. Òun ló ń ta osùn, òun ló ń ta òrí àti tìróò. Kò sí ọmọge tó fẹ́ relé ọkọ, kò sí ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kì í yà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó sì ní bó ṣe máa ń tajà. Bí oníbàárà bá dé, Àdàbà yóò kọ́kọ́ bu ìpara náà, yóò fi pa ọrùn ara rẹ̀ níṣojú ẹni tó fẹ́ rà á. Wọn yóò jókòó, wọn yóò máa tàkúrọ̀sọ. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ tí ọrùn Àdàbà kò wú, tí kò ta á, nígbà náà ni yóò fi ìwọ̀nba kan etí oníbàárà. Yóò wá sọ pé, "Lọ sùn lé e. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ara tù ọ́, padà wá mú èyí tó kù. Bí ara ò bá tù ọ́, padà wá náà, kí n sọ ohun tí mo pò fún ọ."

Àwọn ará ọjà rí i pé ó dára, wọ́n sọ ọ́ di òfin. Ẹni tó bá ń ta ohun tí wọ́n ń fi para, ara tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi pa. Àmì dúdú tí ẹ ń rí lọ́rùn àwọn ọmọ Àdàbà títí dòní, ibẹ̀ ni wọ́n ti jogún rẹ̀.

Nígbà tó yá, Àdàbà kú. Ọyẹ́ ọdún yẹn ló mú un lọ. Gbogbo ọjà kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù ni Àgbọ̀nrín, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ tí Àgbọ̀nrín fi ń kọjá níbi àtẹ náà tí ẹnu rẹ̀ á ti là láti kí i, kó tó rántí pé kò sí ẹni tí yóò dáhùn. Ọlọ osùn ṣì wà níbẹ̀. Eruku bò ó.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Àgbọ̀nrín gbọ́ orin níbi tí ó ti ń retí ìdákẹ́jẹ́.

Ẹ wá rà á, ẹ wá fi para,
Ó ń dán!
Awọ àná, ẹ bọ́ ọ sílẹ̀,
Ó ń dán!
Ẹni tó pa á lówùúrọ̀,
Ó ń dán!
Kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti dọmọge,
Ó ń dán!

Ìjàpá ló jókòó sídìí àtẹ Àdàbà. Ó to ìkarahun ìgbín síwájú, ìpara pupa kún inú wọn dẹ́nu. Èrò pé lé e lórí.

"Òfin ọjà ńkọ́?" ni ẹnì kan bi í.

"Òfin ọjà dà? Òun nìyí!" Ìjàpá bu ìpara náà ní àbúkún ọwọ́ rẹ̀ tó yi bí èèpo igi, ó fi gbá ẹ̀yìn ara rẹ̀, gbàù! Ó fi ra gbogbo igbá ẹ̀yìn rẹ̀ yíká. "Ṣé mo ké?"

"O ò ké!"

"Ṣé mo yún ara?"

"O ò yún un!"

"Ẹ wá rà á nígbà náà!"

Ni wọ́n bá rọ́ lù ú. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọmọ, nínú gbogbo wọn kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé ẹ̀yìn wo ni Ìjàpá fi pa á.

Ọjọ́ yẹn, ojú ń kán Àgbọ̀nrín. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí, Àwẹ̀ró, àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá wò ó. Ìyá fẹ́ kí ara ọmọ òun máa dán. Ó sún mọ́ àtẹ, ó ní, "Ẹ kú ọjà o. Ẹ fi díẹ̀ kàn mí létí, kí n lọ sùn lé e."

Ìjàpá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Àwẹ̀ró! Ayé ti lajú, ẹ ṣì ń sùn lé ìpara? Ẹ wo èrò lẹ́yìn yín. Ẹ gbé tiyín, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà."

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì í. Ojú ti Àgbọ̀nrín. Ó gbé ìkarahun kan, ó lọ.

Nígbà tó délé, ohùn Àdàbà ń dún lọ́kàn rẹ̀. Ó ní kí Àwẹ̀ró jókòó, ó fi ìpara náà pa etí rẹ̀ ọ̀tún nìkan, ó sì gbé èyí tó kù sórí àjà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, etí náà ń tàn bí idẹ. Àwẹ̀ró fò sókè. "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n fi pa ojú!"

"Dúró ná, ọmọ mi."

"Ẹ dákun!"

"Mo ní kí o dúró."

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí etí náà fi bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Irun rẹ̀ ń já bọ́. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wú, ó wúwo, ó fì sílẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀, ó ń jẹ̀rora.

"Ìyá mi, ẹ sọ̀rọ̀ sókè."

"Mo ń sọ̀rọ̀ sókè, ọmọ mi."

Àwẹ̀ró yí orí padà, ó fi etí òsì sí i. "Ẹ ní kí ni?"

Àgbọ̀nrín dìde wàrà. Ẹ mọ ohun tí etí jẹ́ fún irú wọn. Etí ló ń gbọ́ ewé gbígbẹ tí Ẹkùn tẹ̀. Etí ló ń gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Àgbọ̀nrín tí kò bá gbọ́ràn lápá kan, apá yẹn ni wọn yóò gbà mú un.

Epo wà nílé, omi tútù wà nílé. Ṣùgbọ́n èwo ni kó lò? Bí ó bá jẹ́ wèrèpè ni Ìjàpá lọ̀ sí i, epo ló ń pa oró rẹ̀, omi yóò tún tàn án káàkiri ni. Bí ó bá jẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, omi tútù ló ń ṣàn án dànù, epo yóò sé e mọ́ ara ni. Bí ó bá ṣe èyí tí kò yẹ, etí náà lọ nìyẹn. Àfi kí ẹni tó pò ó sọ ohun tó pò.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀ ni Àgbọ̀nrín ti gbọ̀nà ọjà. Ó pàdé Ọ̀bọ tó fi ewé kókò bo ojú.

"Ọ̀bọ, kí ló ṣe ọ́ lójú?"

"Rọra sọ̀rọ̀." Ọ̀bọ wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀kánkán. "Wọ́n ní Ẹkùn fúnra rẹ̀ ń ra ìpara yẹn. Ẹni tó bá ní kò dára, Ẹkùn ló ń bú." Ó fa ewé rẹ̀ wálẹ̀, ó wọgbó.

Àgbọ̀nrín mọ ohun tí orúkọ yẹn túmọ̀ sí. Síbẹ̀ ó lọ. Ìjàpá ń to ìkarahun, ó ń kọrin, ó ń yí ọrùn.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọkọ Yánníbo."

"Oníbàárà mi àtàtà! Ó tún di pé ẹ fẹ́ òmíràn?"

"Etí ọmọ mi ti bó. Ó ti wú, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kí lẹ pò sínú ìpara yìí?"

"Ó bó? Ó dára! Awọ àná ló ń lọ. Ẹ ò tíì fi tó ni. Ẹ ra méjì sí i, ẹ fi kún un."

"N ò fẹ́ òmíràn. N ò ní kí ẹ dá nǹkan kan padà fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ sọ. Àdàbà máa ń sọ ọ́."

"Àdàbà ti kú," ni Ìjàpá wí. Ó ṣe bí ẹni tó ń nu àtẹ. Ó wá na ọrùn gígùn náà títí ó fi kan etí Àgbọ̀nrín, ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Ìyá Àwẹ̀ró, bàbá wa Ẹkùn ni oníbàárà mi. Ṣé kí n sọ fún wọn pé ẹ ní ohun tí wọ́n fi ń para kò dára? Kí n sì sọ fún wọn pé ọmọ yín wà nílé, tí kò gbọ́ràn dáadáa?"

Àgbọ̀nrín yí padà láti lọ.

Ibi tó yí ojú sí, gbogbo ọjà ti dákẹ́ lọ́lọ́. Kò sí ẹyẹ tó ń ké. Àwọn tó ń pàtẹ ti wà lábẹ́ àtẹ. Ẹkùn ń bọ̀ láàárín ọjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún.

Àgbọ̀nrín fẹ́ sá. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò sá gbà? Ó dúró gbọnin lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ bí òpó.

"Ìjàpá," ni Ẹkùn wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè. "Mo gbọ́ pé mò ń ra ìpara lọ́dọ̀ rẹ."

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí! Mo ti tọ́jú tiyín sílẹ̀ tipẹ́ ni. Mo kàn ń sọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dé ni."

"Ó dára. Mo ti dé. Kí ni ó ń ṣe?"

"Àmì tótòtó tó wà lára yín yìí, Kábíyèsí, yóò pa á rẹ́ pátápátá!"

"Òfin ọjà ńkọ́?"

"Òun nìyí!" Gbàù! Ìjàpá ti fi gbá ẹ̀yìn. Ó yí i han Ẹkùn. "Ẹ wò ó, kò ta mí, n ò ké."

Ẹkùn wo ẹ̀yìn náà, ó mi orí. Ó ki ọwọ́ bọ ìkarahun. Ó gbé e sókè, ó ń gbé e lọ sí ojú.

Àgbọ̀nrín rí i. Ó mọ̀ pé bí ìpara yẹn bá kan ojú Ẹkùn, Ìjàpá kò ní pẹ́ láyé ju ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ta Ẹkùn lójú lọ. Ta ni yóò wá sọ ohun tó pò? Ṣùgbọ́n bí òun bá la ẹnu, Ẹkùn yóò yí ojú sí òun. Ó rántí Àwẹ̀ró tó ń fi etí òsì wá ohùn ìyá rẹ̀ kiri.

"Bàbá," ló wí. "Ẹ̀yìn kọ́ ni Àdàbà máa ń fi í pa. Ọrùn ni."

Ọwọ́ Ẹkùn dúró lójú ọ̀nà. "Ta ló sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

Ojú méjèèjì Ẹkùn wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Àgbọ̀nrín kò mira. Ẹkùn wá rọra yí padà sí Ìjàpá.

"Ìjàpá, ọrùn."

"Kábíyèsí, ọrùn ń dùn mí láti àná..."

"Ọrùn."

Ìjàpá fi ìka kékeré kan ìpara, ó fi kan abẹ́ àgbọ̀n bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ẹ wò ó!"

"Ó kéré. Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ fún wọn pé wọn ò tíì fi tó?" Ẹkùn gbé odidi ìkarahun, ó dà á lé ọrùn gígùn náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó yi ra á láti orí dé èjìká. Ó wá jókòó. Ó ń wò ó.

Ìpara tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró di ọ̀sán kó tó ta ni. Ìjàpá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ. Ó kérora, ó mí hẹ̀ẹ̀. Ojú rẹ̀ yọ síta. Gbogbo ọjà sì gbọ́ igbe rẹ̀.

"Yéè! Omi! Ẹ bá mi bu omi tútù! Omi eérú ni! Omi eérú àti amọ̀ ni mo pò! Ẹ bu omi!"

Ọ̀rọ̀ tí Àgbọ̀nrín ń dúró dè nìyẹn. Omi eérú. Ó yí sí ọ̀nà ilé. Bí ó ti fẹ́ sáré, Ẹkùn sọ̀rọ̀ láìwo ẹ̀yìn.

"Ìwọ. O gba ojú mi là. Máa lọ lónìí." Ojú rẹ̀ ṣì wà lára Ìjàpá. "Lónìí ni mo wí o."

Kò dúró gbọ́ ìyókù. Ó sáré gba inú ẹ̀gún kọjá, ó délé, ó fa Àwẹ̀ró lọ sí odò, ó sì ń bu omi tútù sí etí náà, ó ń bù ú, ó ń bù ú, títí apá rẹ̀ fi kú. Ẹ̀rù ń bà á láti sọ̀rọ̀, kí ọmọ má lọ ṣàìdáhùn.

Nígbà tó ṣe, ó dúró sápá ọ̀tún, ó rọra pè é, bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ẹni tó ń sùn. "Àwẹ̀ró."

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ń yọ́ sọ̀rọ̀?"

Ìgbà yẹn ni Àgbọ̀nrín tó sunkún.

Etí náà jinná. Irun kò padà sí bèbè rẹ̀ mọ́, àwọn àna sì rí i, wọn kò torí rẹ̀ kọ Àwẹ̀ró. Ní ti àtẹ, Àgbọ̀nrín ló gbọn eruku kúrò lára ọlọ Àdàbà. Òun ló jókòó síbẹ̀. Bí oníbàárà bá dé, ọrùn ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fi í pa.

Ìjàpá bọ́ sódò, ó yè é. Ṣùgbọ́n gbogbo awọ ọrùn rẹ̀ ti hunjọ. Ojú ń tì í láti nà án síta, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọwọ́ yòówù kí ó rí tó ń bọ̀, ọwọ́ Ẹkùn tó kún fún ìpara ló ń rí. Ìdí nìyẹn tí ọrùn Ìjàpá fi rí jákujàku, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá na ọwọ́ sí i, wéré ni yóò fà á wọlé.

Ẹni tó bá ń tajà fún yín, ẹ̀yin ọmọ, tó ní òun ti dán an wò, ẹ bi í pé ibo lára rẹ̀ ni ó ti dán an wò. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń tà á, ibi tó ń dunni ni kí ẹ ti dán an wò.

Ibi tí àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ sí nìyí. Bí mo bá fi irọ́ pò ó, kí ọrùn mi hunjọ bíi ti Ìjàpá. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ó hunjọ?

Kò hunjọ!

Ṣé mo fà á wọlé?

Ẹ ò fà á wọlé!

Ó dára. Ẹ lọ sùn lé e.