Kantíkantí Inú Irùngbọ̀n

"Ọ̀mùtí kan ò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé!" Gbogbo àdúgbò ló mọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ Bàbá Ṣìjúadé lẹ́nu. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Oyèkànmí ń lọ fara han àwọn òbí Ṣìjúadé, ẹ̀rù bà á débi pé ó kọ́kọ́ yà mu ìgò bíà kan kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ìfófòó bíà náà dà sí i nírùngbọ̀n. Ó fi omi nù ún, ó jẹ obì lé e, ó wọlé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Kò tíì dìde tí kantíkantí fi bẹ̀rẹ̀ sí í fò yí àgbọ̀n rẹ̀ ká.

Bàbá fò dìde. "Ọtí lo mu! Kantíkantí kì í tẹ̀ lé omi. Èso tó ti rà ni oúnjẹ wọn, bíà sì ń rùn sí wọn bí èso tó ti rà. Fọ̀ ọ́ títí, wọ́n á ṣì gbóòórùn rẹ̀. Àfi kéèyàn gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù sójú fèrèsé, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ lọ."

Ìyá Ṣìjúadé yíjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ṣìjú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kì í kúrò lójú fèrèsé yàrá yín ńkọ́? Ṣebí ẹ ní ẹyẹ lẹ̀ ń gbé e kalẹ̀ fún?"

Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí Oyèkànmí.

"Dìde jàre, ọkọ ọmọ mi. Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta."